Ṣé bot ló ń kó práímà àti ẹ̀tù lọ mọ́ wa lọ́wọ́, àbí ọjà ni ò sí?

Ìbéèrè tí àbúrò wa kan tó wà ní Houston fi ránṣẹ́ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń ki ọta 9mm àti .308 fúnra mi nínú gáráàjì. Ní 2021, práímà ló fẹ́ẹ̀ yà mí ní wèrè, ní báyìí ẹ̀tù Varget ni mò ń lé kiri. Àlàátì á dún lórí fóònù mi, màá tẹ̀ ẹ́, màá rí i pé ó wà, màá jù ú sínú kátì, kí n tó kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì tán wọ́n á ní ó ti tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé bot ni. Ẹnì kan wá fẹ́ ta bot fún mi lórí Telegram ní 300 dọ́là, ó ní èmi náà á lè bá wọn jà á gbà. Ẹlòmíì ní òun ní práímà 1000 nílẹ̀, kí n mú 150 dọ́là wá. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?"

Àbúrò mi, má ṣe ìkankan nínú ẹ̀. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, inú ń bí ẹ báyìí, ìgbà tínú ń bí èèyàn gan-an sì làwọn ará Telegram máa ń rí i mú. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí ibi méjì tí mo mọ̀ láyé mi, mo ti ń ki ọta láti 2011, iṣẹ́ tí mo sì fi ń jẹun ni pé mò ń ṣọ́ ibi ìsanwó fáwọn ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì, mò ń wo ta ló ń rajà bí ọmọlúàbí àti ta ló ń fi màgòmágó rà á.

Fún ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ ń kà á tẹ́ ò mọ ohun tí à ń wí: nǹkan mẹ́rin ló ń parapọ̀ di ọta kan, èèpo idẹ, práímà kékeré tó jókòó sí ìdí ẹ̀ tí ìbọn máa gbá kó tó ṣáná, ẹ̀tù inú ẹ̀, àti orí ọta tó máa fò jáde. Tẹ́ ẹ bá yìn ín tán, èèpo idẹ yẹn ṣì wà nílẹ̀, ẹ lè ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tún un kì lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun táwọn bàbá wa ń ṣe pẹ̀lú ṣakabùlà náà ni, àfi pé ojú làwọn fi ń díwọ̀n ẹ̀tù, àwa ń wọ̀n ọ́n bíi góòlù. Idẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, orí ọta náà, àwọn kan ń fi òjé rọ ọ́ nílé. Ṣùgbọ́n práímà àti ẹ̀tù, ilé iṣẹ́ nìkan ló ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì lọ dán an wò nílé o. Ibi méjì yẹn lọ̀wọ́n ti máa ń mú wa lọ́rùn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ bot, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀. Irú méjì ni, ẹnu kan náà làwọn èèyàn fi ń pè é. Ọ̀kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa ṣọ́ ojú ìwé ọjà, tọ́jà bá dé kó pariwo. AmmoSeek àtàwọn bíi tiẹ̀, irú ẹ̀ ni. Àlàátì tó ń dún lórí fóònù tìẹ náà, bot ló ń fi ránṣẹ́, àbúrò. Ìwọ náà ń lo bot o! Ohun tó o wá gbàgbé ni pé ìgbà tó ń dún lápò ẹ ló ń dún lápò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin láti Maine dé Arizona, gbogbo wọn sì ti ń wá ohun kan náà láti oṣù mẹ́ta. Kò séyìí tó jẹ́ ẹ̀rọ nínú wọn. Àwọn bàbá tó jókòó síbi iṣẹ́ tí wọ́n ń díbọ́n pé àwọn wà ní mítíìnì ni.

Èkejì ló ń rajà fúnra ẹ̀. Ìyẹn ń bi sáfà ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà tó gbé sáìtì wọn ró, léèrè láìsinmi, ṣé ó ti dé, ṣé ó ti dé, bí ọmọ tébi ń pa. Kì í wo fọ́tò, kì í ka àlàyé, nọ́ńbà ọjà nìkan ló mọ̀. Tí iye tó wà nílẹ̀ bá ti kúrò ní òdo báyìí, ó ti jù ú sí kátì, ó ti kọ orúkọ àti àdírẹ́sì, ó ti fi káàdì sanwó, kó o tó yọ fóònù jáde. Tí captcha, ìdánwò kékeré tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèyàn ni ẹ́, bá dá a dúró, ibì kan wà tó máa fi í ránṣẹ́ sí, táwọn èèyàn tí wọ́n ń san kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ fún á bá a tú u. Tí ṣọ́ọ̀bù bá ní ẹnì kan páálí kan, ẹnì kan yẹn á di ogún, orúkọ ọ̀tọ̀, ímeèlì ọ̀tọ̀, á sì máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé onílé kọjá kó lè dà bíi pé ìlú ogún ni wọ́n ti wá.

Mo ti fojú ara mi rí i. Ní 2021, ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ pè mí pé kí n wá bá àwọn wo ìwé ọ́dà práímà tó tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí mo ṣe ń tú u wò ni mo rí àdírẹ́sì kan. Ọ́dà àkọ́kọ́ kọ Apt 1 sí i, ìkejì kọ Apartment 1, ìkẹta kọ Unit A, ìkẹrin fi àmì ìdánudúró sí ìdí orúkọ títì, ìkarùn-ún kọ nọ́ńbà ilé lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ wo ilé náà lórí máàpù Google, ilé pẹlẹbẹ kan ni, ilẹ̀kùn kan, gáráàjì kan, basketball hoop níwájú ẹ̀. Kò sí apartment kankan níbẹ̀. A fagi lé gbogbo ẹ̀, a dá owó ẹ̀ padà, ọjà padà sílẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn, kí n má purọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu ni ìyókù ìwé yẹn. Mo rò pé bot ni màá bá lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irọ́ o. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó rà á, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Àwọn tí àkáǹtì wọn ti wà láti ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n ti ra síkélì, ra ìwé, ra bàtà ọdẹ. Wọ́n kàn ti tọ́jú káàdì àti àdírẹ́sì wọn sínú àkáǹtì sílẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n tẹ fóònù. Ìwọ tó ò ń kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, o ti pẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kì í yé àwọn èèyàn. Kátì orí sáìtì kì í ṣe apẹ̀rẹ̀ ọjà Bódìjà. Tó o bá ti kó tòmátì sínú apẹ̀rẹ̀ ní Bódìjà, kò sẹ́ni tó máa wá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ìjà ló máa dà. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó wà nínú kátì ẹ kì í ṣe tìẹ rárá títí owó á fi wọlé. Tí páálí kan bá kù, ó lè wà nínú kátì igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ni ín. Ojú ìwé gan-an náà máa ń purọ́, torí kí sáfà má baà kú, àwòrán ojú ìwé tó ti pẹ́ díẹ̀ ni wọ́n máa ń fi hàn ẹ́, nígbà tó o bá rí "ó wà" ó lè ti tán láti ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹta tó o kà fún mi yẹn, mo lè fẹ́ẹ̀ búra pé ó kéré tán ọ̀kan jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ká ní mo lágbára láti pa gbogbo bot tó wà láyé ní alẹ́ òní. Kí ló máa yí padà? Tí páálí 200 bá dé lọ́la, èèyàn 200 ló máa rí i, ẹgbẹ̀rún mélòó kan á sì sùn láìrí. Bot lè yí ẹni tọ́jà bọ́ sí lọ́wọ́ padà, ó sì lè sọ ọ́ di ọ̀wọ́n lọ́wọ́ alárọ́bọ̀, ṣùgbọ́n iye tó jáde nílé iṣẹ́ ò ní fi ẹyọ kan lé sí i. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì nígbà ọ̀wọ́n epo ni. Gbogbo wa la máa ń ṣépè fún wọn ní fílíńtéṣàn, ṣé àwọn ló wá ní kí epo má dé ni?

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ni 2013. Lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa àwọn ọmọ iléèwé ní Newtown ní Connecticut ní December 2012, ẹ̀rù ba àwọn oníbọn pé ìjọba máa ṣòfin tuntun, ni wọ́n bá ya bo ọjà. Ọta .22 tó jẹ́ pé ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tá ò rí, ó sì pẹ́ gan-an kó tó padà sí bó ṣe wà. Práímà náà wọlẹ̀. Ṣé bot ló kó o nígbà yẹn? Èmi alára wà lórí ìlà níwájú Walmart kan kílẹ̀ tó mọ́, èmi àtàwọn bàbá arúgbó tó gbé àga dání, tí wọ́n mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹrù ń dé ju àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lọ. Ohun tí bot ń ṣe lónìí náà ni wọ́n ń ṣe, àga ni wọ́n fi ń ṣe é.

Níbo wá ni wàhálà wà? Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe práímà fún wa ní Amẹ́ríkà ò ju mẹ́rin lọ: CCI ní Lewiston ní Idaho, Federal ní Anoka ní Minnesota, Remington ní Lonoke ní Arkansas, àti Winchester tó jẹ́ ti Olin. Remington wọ gbèsè títí dé kóòtù ní July 2020, ìgbà tí gbogbo ayé ń wá ọta lójú méjèèjì gan-an, Vista Outdoor tó ti ni CCI àti Federal ló ra apá ọta wọn, mẹ́ta nínú mẹ́rin bá bọ́ sábẹ́ òrùlé kan. (Ní 2024 Vista náà ta gbogbo ẹ̀ fún CSG, àwọn ará Czech.) Wá wo ohun tó dé bá mẹ́rin yìí ní 2020. Kòró dé, rògbòdìyàn dé, ìdìbò dé. FBI ṣe àyẹ̀wò mílíọ̀nù 39.7 lórí àwọn tó fẹ́ ra ìbọn tàbí gba ìwé àṣẹ ẹ̀ lọ́dún yẹn, ó jẹ́ mílíọ̀nù 28.4 ní 2019. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìbọn, NSSF, fojú bù ú pé àwọn tó ń rà á fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Kí kálukú wọn kàn ra páálí ọta oní-50 méjì péré, mílíọ̀nù 800 práímà ti lọ nìyẹn o, ìwọ àti èmi ò tíì ra ẹyọ kan.

Práímà tó ń jáde yẹn, inú ọta tiwọn ni ilé iṣẹ́ á kọ́kọ́ fi í sí, torí níbẹ̀ lowó wà. Práímà lásán, sẹ́ǹtì mẹ́ta ni wọ́n ń tà á fún wa tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ti àwa tí à ń ki ọta nílé, ìyẹn tó bá ṣẹ́ kù. Vista sọ fáyé nígbà yẹn pé ọ́dà ọta tó wà nílẹ̀ táwọn ò tíì rí ṣe ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Kí ló dé tí wọn ò kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun? Ṣèbí kó tó di 2020 wọ́n ti jókòó ti ọjà tí ò tà fún bí ọdún mẹ́ta, Remington yẹn gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ kóòtù gbèsè láàárín 2018 sí 2020. Ohun tí wọ́n sì ń fi sínú práímà, iná lásán kọ́, ó lè bú gbàù mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ní tútù ni wọ́n ṣì ń pò ó. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n á gba ọmọ tuntun sí lónìí kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Lóṣù August 2021 ìjọba Amẹ́ríkà tún ní àwọn ò ní fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tuntun fún ọta Rọ́ṣíà mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ Navalny, alátakò ìjọba Rọ́ṣíà tí wọ́n fún ní májèlé, àwọn tó ń ra ọta olówó pọ́ọ́kú yẹn bá bọ́ sẹ́yìn ìlà wa.

Ti ẹ̀tù tó ò ń lé kiri lónìí tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Òwú ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀tù òde òní, nitrocellulose ni wọ́n ń pè é, ẹ̀tù àgbá ńlá tí wọ́n ń yìn ní Ukraine sì ń jẹ nínú òwú kan náà. Látìgbà tí ogun yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní 2022 làwọn ológun ti ń gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ní 2024, Alliant tó ń ṣe ẹ̀tù ní Radford ní Virginia sọ fáwọn oníbàárà pé àwọn dá ẹ̀tù inú agolo tiwa dúró ná. Varget tìẹ yẹn ńkọ́? Hodgdon ní Kansas ló ń tà á, ṣùgbọ́n Australia ni wọ́n ti ń ṣe é, ní Mulwala. Ojú omi ló ń gbà wá. Bot 300 dọ́là ẹ fẹ́ lọ ti ọkọ̀ òkun ni?

Bot yẹn gan-an, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kó tó lè bá ẹ rajà, o gbọ́dọ̀ fún un ní password ẹ, nọ́ńbà káàdì ẹ àti àdírẹ́sì ẹ. Ẹni tó ò ń fún, orúkọ Telegram nìkan lo mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ti rí èyí tó ra práímà kan ṣoṣo tó sì fi káàdì ẹni náà ra nǹkan mẹ́fà míì tí kò mọ̀ nípa ẹ̀. Tó bá tún ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ọmọ iṣẹ́ bíi tèmi á rí ẹ, á fagi lé ọ́dà ẹ, á ti àkáǹtì ẹ pa, àkáǹtì tó ò bá máa fi rà á bó ṣe yẹ lọ́jọ́ iwájú. Òfin? Òfin bot tí Obama fọwọ́ sí ní December 2016, tíkẹ́ẹ̀tì eré nìkan ló kàn. Àwọn aṣòfin ti gbé òmíì tó máa kan gbogbo ọjà wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò tíì di òfin. Ìyẹn ni pé kì í ṣe òfin bot yẹn ló máa mú ẹ, ṣọ́ọ̀bù ló máa lé ẹ.

Ohun míì tẹ́ni tó ń tà á ò ní sọ fún ẹ ni pé práímà kì í ṣe PS5, ẹ̀rọ géèmù yẹn. Ẹni tó fi bot ra PS5 ní 2020, alẹ́ ọjọ́ yẹn ló ti gbé e sórí eBay. eBay ò gba práímà, kò gba ẹ̀tù, Facebook náà ò gbà á. Póòsì ìjọba ò gbé e rárá, UPS àti FedEx ń gba owó hazmat, ìyẹn owó ẹrù eléwu, lórí ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn alárọ́bọ̀ tiwa kéré sí ti àwọn oníbàtà àti onígéèmù, wọ́n kàn ń pariwo ni.

Ti 1000 tí wọ́n ń tà ní 150, sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn lórí ẹyọ kan. Kó tó di 2020, 30 sí 35 dọ́là la ń ra 1000. Kò ní padà síbẹ̀ mọ́, gbà bẹ́ẹ̀ kí ọkàn ẹ balẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n práímà ti rọlẹ̀ gan-an sí bó ṣe wà ní 2021, kò sídìí tó o fi máa san 150 fẹ́nikẹ́ni lónìí. Tó o bá wá rí sáìtì tó ní Varget, tó ní CCI, tó ní gbogbo nǹkan táwọn yòókù ò ní, tówó ẹ̀ tún rọ̀, tí wọ́n wá ní Zelle tàbí Cash App nìkan làwọn ń gbà, gbájúẹ̀ ni, sá. Ẹnì kan tí mo mọ̀ dáadáa pàdánù 400 dọ́là síbẹ̀. Èmi ni.

Ohun tí èmi ń ṣe báyìí rèé. Àkáǹtì mi wà ní bíi ṣọ́ọ̀bù márùn-ún, káàdì àti àdírẹ́sì ti wà nínú ẹ̀, mo sì máa ń wọlé sílẹ̀ látàárọ̀ kí àlàátì tó dún. Ibi tí wọ́n bá gba backorder, ìyẹn kéèyàn forúkọ sílẹ̀ de ọjà tí ò tíì dé, mo máa ń fi orúkọ sílẹ̀ kí n gbàgbé ẹ̀. Èmi àtàwọn mẹ́ta ní kilọ́ọ̀bù wa máa ń ra ọjà pọ̀ kí owó hazmat lè jẹ́ ẹyọ kan pín sí mẹ́rin. Mo tún máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn kékeré tó wà ládùúgbò, ti bàbá kan tí kì í fi nǹkan kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bot ò lè débẹ̀. Bàbá yẹn máa ń fi ẹ̀tù pa mọ́ sábẹ́ káńtà fáwọn tó ń kí i dáadáa, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ò lè ṣàìkí àgbà, mo ti jèrè ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Má sì fẹ́ Varget nìkan ṣoṣo bí ìyàwó ilé. Fún .308, IMR 4064 wà, H4895 wà, N140 ti Vihtavuori wà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú .308. Àmọ́ ìwé la fi ń ki ọta o! Òṣùwọ̀n Varget ò ṣe é gbé lé ẹ̀tù míì, ṣí ìwé àwọn tó ṣe é, bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Tó o bá pààrọ̀ práímà náà, padà sísàlẹ̀. Tó o bá rí ọjà ra, má kó o jọ bí ẹni fẹ́ jagun, ìlànà NFPA, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ààbò iná, tí ọ̀pọ̀ ìlú ń tẹ̀ lé ò fẹ́ ju 10,000 práímà lọ nínú ilé, ẹ̀tù tó wà nínú agolo tí wọ́n tà á sí lápapọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju 20 pọ́ùn lọ, àfi tó bá wà nínú àpótí igi tó nípọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́, mo rí yín tẹ́ ẹ ń kà á. Lójú òfin ìjọba àpapọ̀, práímà nìkan ti tó láti jẹ́ ọta, ẹ̀tù nìkan náà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wà lórí físà onígbà díẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́ àfi kó wà lára àwọn tófin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ. Ẹ rí lọ́yà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àti ẹni tó ní òun fẹ́ fi díẹ̀ sínú kọ̀nténà kó bá àwọn ọdẹ ìdílé òun nílé lọ: rárá o. Ó lòdì sófin níbí, ó lòdì sófin ní Nàìjíríà, ẹ má bá mi dá a lábàá mọ́.

Àbúrò, mo ní práímà large rifle, irú tó ń wọ .308, bíi 600 nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, mi ò lò ó mọ́ látìgbà tí mo ti ta ìbọn .308 tèmi. Póòsì ò ní gbé e, mi ò sì ní san owó hazmat lórí ohun tí mo fẹ́ fi ta èèyàn lọ́rẹ. Tó o bá ń gba I-45 bọ̀ wá sí Dallas, pè mí kó o tó gbéra, wá gbé e. Mú garri dání.